Òkun Tí Wọ́n Fi Bo Ìyá Wa

Ìyá wa ṣubú lẹ́yìn àbúrò mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àbúrò mi náà ń gbá géèmù lójú àwọn èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn náà rí ọwọ́ ìyá wa tó ń yọ sókè láti ilẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Orí kọ̀ǹpútà tó ń gbóná ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ìdílé wa. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Èyí tí àwọn èèyàn bá jù nù ni mo máa ń tú, mo tú u títí mo fi mọ ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́, mo wá gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ. Àbúrò mi, àbíkẹ́yìn wa, kì í wá síbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ń rùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti ń ṣàìsàn, ó mọ nọ́ńbà mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní lórí fóònù, "káàdì mi ti fẹ́ kú."

"Káàdì wo? Ti báńkì?"

"Káàdì àwòrán, èyí tó ń ya géèmù sójú kọ̀ǹpútà. Tí mo bá ń gbá géèmù lásán, kò sí wàhálà. Tí mo bá ti gbé e sórí afẹ́fẹ́ pé káwọn èèyàn máa wò, iṣẹ́ á kún un lọ́rùn, àwòrán á máa já. Àwọn òǹwòran ń bú mi."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ní Ọ̀gágun ń rìn bí ìgbín."

Ọ̀gágun lorúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nílé, ẹni tí kò lè pa eku ni.

Ilé ìyá wa ló ń gbé. Kí èyí yé gbogbo èèyàn: kì í ṣe ilé rẹ̀. Ìyá wa ló fi òógùn ara rẹ̀ rà á. Pálọ̀ tí àbúrò mi gbé tábìlì géèmù rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni àga ìyá wa wà, lẹ́bàá ògiri, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni àga náà ti wà kí wọ́n tó bí i.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló mú ìyá wa lápá òsì. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kò lè gbé ẹsẹ̀ yẹn rárá. Ó wá ń kọ́ ìrìn padà bí ọmọ tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́: láti àga dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé géètì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òdìkejì títì. Ohun tí ìyá wa ń fẹ́ ju ohun gbogbo lọ ni pé kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá títì yẹn, kó lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lẹ́yìn. Ó ti kù díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá na ẹsẹ̀ fún un ti sọ fún èmi àti àbúrò mi, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́ o. Màmá ò gbọdọ̀ dá dìde lórí àga. Kí ẹnì kan di ìgbànú wọn mú nígbàkigbà tí wọ́n bá ń dìde. Tí egungun ìbàdí yìí bá fi lè kán, ọ̀rọ̀ ìrìn ti tán nìyẹn."

Ìyá wa wò ó. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ bíi pé mi ò sí níbí."

Àmì kan wà láàárín òun àti àbúrò mi. Bí àbúrò mi bá ń gbá géèmù, ohun ìgbọ́rọ̀ ńlá kan ló máa ń dé mọ́ etí, bí wọ́n bá yìnbọn lẹ́yìn rẹ̀ kò ní gbọ́. Nítorí náà, bí ìyá wa bá fẹ́ dìde, ó máa na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Kámẹ́rà tó wà lórí tábìlì ń ya àbúrò mi, ó sì ń ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, àwòrán kékeré yẹn sì wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀. Bó bá ti rí ọwọ́, á fi géèmù sílẹ̀, á yíjú, á di ìgbànú mú. Ó ń ṣe é dáadáa nígbà yẹn. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

Ìyá wa fẹ́ràn kí wọ́n máa rí òun gan-an. Kí àbúrò mi tó bẹ̀rẹ̀, ìyá wa á ti wọ aṣọ tó dára, á ti fi ìpara pa ojú, nítorí gbogbo ayé fẹ́ rí i. Àwọn òǹwòran kan á kọ̀wé pé, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá Ọ̀gágun," àbúrò mi á kà á sókè, ìyá wa á mirí bí ọba.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé àpò irinṣẹ́ mi dání.

Mo ti rí ìdọ̀tí láyé mi. Mo ti rí kọ̀ǹpútà ilé ìpẹran. Ṣùgbọ́n tábìlì àbúrò mi, ara mi bù máṣọ. Kọ́ọ̀bù tíì kan wà níbẹ̀ tó ti hu irun nísàlẹ̀. Èékánná tó gé wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà nínú àwo, eèrà sì bo ìbọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí mo tú kọ̀ǹpútà náà, eruku inú rẹ̀ ti di kúbùsù, mo lè ká a. Ohun mímu aládùn kan ti dà sí i nígbà kan, ó ti gbẹ, ó lẹ̀ bí àtè, irun orí sì lẹ̀ mọ́ ọn. Aáyán kan ti kú sára fáànù káàdì yẹn. Fáànù ti ń yí i kiri láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

"Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ló ń gbá géèmù nílé yìí ni?" mo bi í.

"Má bú ẹlẹ́dẹ̀," ìyá wa sọ láti orí àga rẹ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ kì í bọ́ ìbọ̀sẹ̀ sínú àwo."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ o," ni àbúrò mi wí.

"Kí ni mo ṣe? Mò ń gbèjà ẹlẹ́dẹ̀ ni."

Mo fọ gbogbo rẹ̀. Mo fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá a, mo fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ, mo nu ohun tó lẹ̀, mo fi ọ̀rá tuntun bíi gírísì sáàárín káàdì àti irin tó ń mú un tutù. Mo fọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Mo tan ẹ̀rọ náà, ooru rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí àbúrò mi ṣe gbé géèmù sórí afẹ́fẹ́ báyìí, òǹkà iṣẹ́ káàdì náà gun òkè, ó dúró síbẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Eruku yẹn làpálàpá ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ètè.

Mo wo géèmù fúnra rẹ̀. Ó ń ya àwòrán ju iye tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè gbé jáde lọ, iṣẹ́ àṣedànù, bí ẹni ń pọn omi sínú àmù tó ti kún. Mo fi ààlà sí i pé kó má kọjá iye yẹn. Òǹkà náà wálẹ̀ díẹ̀. Mo wo ètò tó fi ń gbé géèmù sórí afẹ́fẹ́. Mo pa iná tó ń jó yí orúkọ Ọ̀gágun ká. Mo pa ẹyẹ tó ń fò kọjá bí ẹnì kan bá fún un lẹ́bùn. Díẹ̀ díẹ̀ ni. Ó wá ku ohun kan tí wọ́n so mọ́ kámẹ́rà. Bí mo ṣe pa á, òǹkà iṣẹ́ káàdì náà já lulẹ̀ bí òkúta.

"Kí lèyí?"

"Kì í ṣe nǹkan kan," ó ní. Kò wojú mi.

"Ohun tí kì í ṣe nǹkan kan ló ń jẹ káàdì tó báyìí?"

Mo tún un tàn, mo sì wo igun ojú kọ̀ǹpútà níbi tí àwòrán kámẹ́rà wà. Mo rí àbúrò mi tó jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí fèrèsé gíláàsì ńlá kan, lẹ́yìn fèrèsé náà, òkun. Òkun aláwọ̀ búlúù, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi funfun kan lókèèrè. Ògiri ò sí. Àga ò sí. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá wa jókòó síbẹ̀, ó wọ bùláósì tó dára, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí kámẹ́rà. Mo tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Òkun.

Ohun tí nǹkan náà ń ṣe nìyí. Gbogbo àwòrán tí kámẹ́rà bá yà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á wá ẹni tó sún mọ́ jù, á gé e yọ, á da gbogbo ìyókù nù, á sì fi òkun sí i. Kámẹ́rà kì í sinmi àwòrán yíyà, nítorí náà òun náà kì í sinmi, orí káàdì yẹn ló sì ti ń ṣe é. Iṣẹ́ tó ń pa káàdì àbúrò mi ni iṣẹ́ pípa ìyá wa rẹ́.

Mo fà á lápá lọ sí kíṣìnnì.

"Láti ìgbà wo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Báwo lo ṣe wá ń rí ọwọ́ wọn?"

"Mo máa ń bojú wẹ̀yìn."

Ohùn ìyá wa wá láti pálọ̀. "Kì í tètè rí ọwọ́ mi mọ́ o, tó bá jẹ́ ìyẹn lẹ ń sọ. Sálúbàtà ni mo fi ń pè é báyìí. Lánàá, mo jù ú, ó ba kọ́ọ̀bù."

"Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń kí yín, Mọ́mì?" mo bi í.

"Lójoojúmọ́. Ó máa ń kà á fún mi."

Mo wo àbúrò mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ẹnikẹ́ni ò rí i, ẹnikẹ́ni ò kí i, ọmọ yìí sì ń jókòó síbẹ̀, ó ń hùmọ̀ ìkíni láti ẹnu ara rẹ̀, ìyá wa sì ń mirí. Kọ́ọ̀bù tó hu irun yẹn mọ́ ju èyí lọ.

Ó ní máníjà òun ló ní kí òun ṣe é. Máníjà yìí, ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì fojú kàn án. Ọ̀kan nínú àwọn òǹwòran ni, ó kàn jí lọ́jọ́ kan, ó pe ara rẹ̀ ní máníjà. Àbúrò mi pè é lórí fóònù kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí wa. Ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Òǹwòran kì í wá wo géèmù nìkan, àlá ni wọ́n ń wá. Òkun yẹn, ìtura ọkàn ni. Ògiri pálọ̀ àti àgbàlagbà tó jókòó, ẹ má bínú, ìyẹn ń rán wọn létí ilé tiwọn."

"Àgbàlagbà tó jókòó yẹn ló bí i."

"Mo mọ̀, mo sì bọlá fún wọn gidigidi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká dáàbò bo àṣírí wọn."

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Èmi rí i tó yọ ìyá oníyàá kúrò nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Mo pa fóònù náà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó yọ òkun náà níṣojú mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá lọ sọ fún ìyá wa ohun tó ń ṣe. Ó yọ ọ́. Káàdì sinmi, àwòrán ń lọ geere, ìyá wa jókòó sínú àwòrán bí onílé. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn tí mo lọ, ìgbà tó yá ni mo mọ̀. Máníjà ló kọ́ ọ. Ó ní kò sí ìdí láti yọ òkun, kó kàn dín agbára rẹ̀ kù ni. Ètò náà ní agbára gíga àti agbára kékeré. Tó bá wà ní gíga, ó ń gé èèyàn yọ mọ́ tónítóní, káàdì á sì ṣiṣẹ́ kára. Tó bá wà ní kékeré, káàdì á sinmi, ṣùgbọ́n gígé rẹ̀ á di wúruwùru, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi sísọ́ọ̀sì gé ìwé. Etí àbúrò mi máa ń já kúrò nínú àwòrán nígbà mìíràn. Ohun tó bá sì mì lẹ́yìn rẹ̀, ètò náà á ṣèèṣì rò pé ara rẹ̀ ni, á sì jẹ́ kó yọ.

Tíṣà kan ló jẹ́ kí n mọ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà ilé ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, bí mo ṣe ń tú u, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ wá wo nǹkan. Gbogbo ọmọ kíláàsì mi ló ń wò ó."

Fídíò kékeré ni. Àbúrò mi ń gbá géèmù, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Lójijì, ọwọ́ kan yọ nínú òkun lókè èjìká rẹ̀. Ọwọ́ lásán, láìsí apá, láìsí ara. Ó dúró lófuurufú, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Lẹ́yìn náà ó parẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn ń kọ̀wé pé iwin ti dé, iwin ti dé.

"Ilé ọmọ yẹn ní iwin," tíṣà náà sọ. "Bó bá ti yọ, wọ́n á da ẹ̀bùn bò ó. Òun gan-an á ní, 'Ẹ kí i, ẹ kí i.' Kí ni? Ẹ ò rẹ́rìn-ín?"

Ìka àárín ọwọ́ náà ò nà tán. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló há a nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Ìyá mi ni iwin yẹn," mo wí.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó rọra ti fóònù náà sínú báàgì. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo lọ. Àbúrò mi kò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń jẹ búrẹ́dì lórí tábìlì, èérún rẹ̀ ń já sínú ẹ̀rọ tí mo fọ̀. Ìyá wa wà lórí àga. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ̀ǹpútà ṣubú sórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo mú irinṣẹ́ jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú káàdì náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi ni."

"Iṣẹ́ rẹ ni kí o máa fi ìyá rẹ ṣe iwin?"

"Ta ni iwin?" ìyá wa béèrè.

Àbúrò mi kúnlẹ̀. Ó ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun ò mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí ọwọ́ yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ba òun, ṣùgbọ́n Máníjà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni òǹwòran ti ń pọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àga ti rí òun, wọ́n fẹ́ dán òun wò, wọ́n lè máa sanwó fún òun lóṣooṣù.

Mo so káàdì náà padà, kì í ṣe nítorí ẹkún rẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyá wa rí i fúnra rẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ, mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, mo ní, "Mọ́mì, ẹ wo ibi tí ẹ wà."

Ó wò ó. Ó na ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà yọ nínú òkun bí ẹja. Ó gbé e sílẹ̀, òkun padé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Àwọn tó ń kí mi ńkọ́?" ó bi àbúrò mi.

Ó ń yọ èérún búrẹ́dì lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ó dáa," ìyá wa wí. "Òkun ni mo dà. Òkun tóbi, kò burú."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ mi," mo sọ fún un. "Lónìí."

"Kí n fi ilé mi sílẹ̀ fún òkun? Mi ò lọ. Títì ọ̀rẹ́ mi wà níbí, mo ti dé géètì. Kúrò nídìí ẹ̀rọ ọmọ yẹn."

"Ó ń fi yín ṣẹ̀sín."

"Mo ti gbọ́. Ojú mi ò fọ́." Ó yíjú sí àbúrò mi. "Àbíkẹ́yìn, máa fi òkun rẹ bò mí, kí iṣẹ́ rẹ lè dára. Mi ò ní wọ bùláósì mọ́, mò ń fi ooru pa ara mi lásán. Ṣùgbọ́n tí o bá rí ọwọ́ mi, iwin ni o, kí ni o, dìde."

"Mo gbọ́, Mọ́mì."

"Ṣé o gbọ́ dáadáa?"

"Màá dìde, Mọ́mì. Lójú ẹsẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ dùn ún gbọ́, omi tiẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ búrẹ́dì tán, èérún wà ní ètè rẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́, mo sì sọ ọ́ níbẹ̀. Ìyá wa ní kí n máa lọ sílé.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga yẹn gbé àga wọn wá. Ìdánwò wọn ni pé kí Ọ̀gágun jókòó sórí àga náà lójú àwọn òǹwòran láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú, láìdìde rárá, káyé lè rí i pé àga náà kì í dun ẹ̀yìn. Èyí ni ìdánwò tí àgbàlagbà èèyàn jókòó gbé kalẹ̀. Ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ni kó dìde bí ìyá rẹ̀ bá nawọ́, ó gbà á, kò sì sọ fún èmi tàbí nọ́ọ̀sì pé kí ẹnì kan wá jókòó tì í.

Wọ́n gba fídíò ọjọ́ náà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ṣì wà. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní wò ó mọ́.

Káàdì náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo rí i. Àwòrán ò já rárá. Àbúrò mi jókòó sórí àga tuntun, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ yọ. Àwọn òǹwòran kígbe iwin. Àbúrò mi rí i: ojú rẹ̀ lọ sí igun ojú kọ̀ǹpútà, mo rí i bó ṣe lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kí i." Kò dìde. Ọwọ́ náà dúró lókè fún ìgbà pípẹ́, ó rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó tún yọ. "Iwin fẹ́ràn àga tuntun yìí," àbúrò mi wí, "ó fẹ́ jókòó."

Sálúbàtà kan fò jáde láti inú òkun, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ẹ̀rín àwọn òǹwòran bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Iwin náà ń wọ sálúbàtà."

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kan gba inú òkun kọjá. Ìdajì èjìká. Irun funfun díẹ̀. Ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí apá ibi tí ilé ìtọ̀ wà. Ó rì lójijì. Kámẹ́rà mì díẹ̀ lórí tábìlì, nítorí ilẹ̀ mì. Àbúrò mi ń yìnbọn.

Ọwọ́ wá yọ ní ìsàlẹ̀ àwòrán, níbi igun. Ó ń ṣí, ó ń pa dé.

"Iwin ń lúwẹ̀ẹ́," wọ́n kọ ọ́.

"Ó ti ń rì."

"Ẹ ju okùn sí i."

Àbúrò mi ka èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́ pé, "Ọ̀gágun, ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n. Wo ẹ̀yìn rẹ." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ́ lọ sókè pẹ̀lú ìyókù. Ọwọ́ náà ti lọ sílẹ̀ tipẹ́ kí géèmù ọ̀hún tó parí. Nígbà tó parí, Ọ̀gágun yíjú lórí àga rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó na ọwọ́, ó pa kámẹ́rà.

Mo bá àbúrò mi ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ìyá wa lọ, ó wà ní kọ́rídọ̀. Máníjà ń pè é, fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé wọ́n kàn ń juwọ́ ni."

"O mọ ohun tí ọwọ́ yẹn túmọ̀ sí. Ìwọ àti ìyá rẹ lẹ jọ dá a sílẹ̀."

"Àwọn tó ń ṣe àga ń wò mí. Tí mo bá dìde, ó parí nìyẹn."

Mi ò lù ú. Ó rí mi lára débi pé mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga ránṣẹ́ sí i pé ó yege, nítorí kò dìde rárá. Ó ṣì ń jókòó sórí àga wọn. Máníjà kọ̀wé sí mi, ó gùn, ó lo ọ̀rọ̀ bíi ìkẹ́dùn àti àjálù. Mi ò kà á dé ìparí. Tí ẹ bá wo Ọ̀gágun lónìí, ògiri lẹ máa rí lẹ́yìn rẹ̀. Kò nílò òkun mọ́, kò sí ẹni tó fẹ́ bò.

Egungun ìbàdí ìyá wa kán síbi méjì. Wọ́n fi irin so ó, irin náà ò gbà dáadáa. Dókítà sọ fún wa pé kò ní rìn mọ́, ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá wa ń gbé báyìí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé mi wà. Ọkùnrin méjì láti ilé ìfọṣọ ló bá mi gbé e gòkè, wọ́n gbé e bí ẹni gbé kọ́bọ́ọ̀dù, ó dijú títí wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ wá lẹ́ẹ̀kan, orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn, ó dúró nísàlẹ̀, ó ń pariwo sókè, ìyá wa sì ń dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì, àwọn méjèèjì ò gbọ́ ara wọn dáadáa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá wa gòkè, kò tíì sọ̀ kalẹ̀.